Bí A Ṣe Lè Wo Ìròyìn Ogun Lórí Tẹlifíṣọ̀n
Bí ẹ bá jókòó ní pálọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti wo ìròyìn ogun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹni tó gbé kámẹ́rà dúró sí. Ní ọdún 2003, ọ̀pọ̀ oníròyìn bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì, nítorí náà, ojú ọmọ ogun ni wọ́n fi rí ogun náà.

Ẹ wá ohun tí wọn kò fi hàn pẹ̀lú. Ní ọdún 1991, nígbà tí Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe rẹ̀ bá Ìráàkì jagun, bọ́ǹbù tó bọ́ sójú àmì gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi hàn léraléra, bẹ́ẹ̀ sì ni irú bọ́ǹbù tí wọ́n ń darí bẹ́ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo èyí tí wọ́n jù, ohun tó sì ń dùn mí títí di òní ni pé àwọn tí ìyókù pa kò hàn sí wa.

Ẹ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀: ẹ ka iye ojú ènìyàn tí ẹ rí láàrin èéfín.