Bí "Iṣẹ́ Wa" Ṣe Di "Ìṣẹ́ Wá"

Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ dá ìkànnì ayélujára sílẹ̀ fún àwòrán, àdìrẹ àti ìtàn àròsọ wa, orúkọ tí a kọ́kọ́ mú ni "Iṣẹ́ Wa". A kò ronú pé àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì kì í gba àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, kì í mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, àti pé lẹ́tà lásán, láìsí àmì ohùn, ni a sábà máa ń fi kọ ọ́.

Isewa ni ó hàn lórí káàdì tí mo mú lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n lè bá wa pín in fún àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n ní: "Ìṣẹ́ wá kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Ọmọ mi, n kò lè fi èyí lé oníbàárà lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí oníṣòwò tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìṣẹ́ wọ ìsọ̀.

Mo padà sílé, mo kọ orúkọ méje mìíràn sílẹ̀ ní lẹ́tà lásán, mo sì bẹ ènìyàn mẹ́fà pé kí wọ́n kà wọ́n sókè. N kò ṣàlàyé kankan fún wọn, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ èrò wa yóò ka ohun tí ó wà lọ́kàn wa dípò ohun tí ó wà lórí ìwé. "Ọkọ̀ Ìtàn" ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí oko níwájú báyìí, ẹnu wọn kọ́: ẹni mẹ́ta pe oko tí a ń ro, ọ̀kan pe ọkọ ìyàwó, obìnrin méjì sì dákẹ́, ojú ń tì wọ́n láti pe èyí tí ó wá sí wọn lọ́kàn. "Àrà" di ara, ó sì di àrá lẹ́nu ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ a máa ń fi àrá ṣépè. "Ẹ Kú Ọnà" ni mo fọwọ́ ara mi yọ, nítorí a ń retí àwọn tí ń kọ́ Yorùbá ní Brazil, níbi tí ìró "kú" ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá fún ìdí nínú èdè Potogí.

Mo tún wádìí bóyá a lè fi ọ àti ṣ sínú àdírẹ́ẹ̀sì gan-an. Ó ṣeé ṣe níbòmíràn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa yí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí àpapọ̀ lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní bọ́tìnnì tí a ó fi tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

"Oníṣọ̀nà" ni ó yege. Ẹni márùn-ún kà á bí a ṣe fẹ́; ẹnì kan rò pé ẹni tí ń ṣọ́ ọ̀nà ni, ìyẹn kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. A fi orúkọ àdúgbò wa kún un, a sanwó, mo sì tún káàdì gbé lọ sí Ìtòkú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní kí n fi ogójì sílẹ̀.