Tábìlì Tó Lọ́, Bàálù Tó Lọ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Kan Bàálù Fúyẹ́ Nílé

Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ẹni tó ti ná owó gọbọi lórí igi spruce, gọ́ọ̀mù epoxy àti ẹ́ńjìnnì, tó wá lọ ń kan apá bàálù rẹ̀ lórí tábìlì tí kò tẹ́jú. Ní Houston níbí tí mò ń gbé, mo ti wọ gáréèjì onírúurú èèyàn, àṣìṣe kan náà ni mò ń bá pàdé. N kò ní í ṣàlàyé ohun tí spar jẹ́ tàbí ohun tí rib jẹ́. Ẹni tó ti ra àwòrán iṣẹ́ ti mọ ìyẹn. Tábìlì ni mo bá wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Part 103, tó ti wà láti 1982, gbà wá láyè láti fò láìgba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù, bí bàálù náà bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí ìwúwo rẹ̀ lófìfo kò tó pọ́ùn 254, tí epo tó ń gbà kò ju gálọ́ọ̀nù 5 lọ, tí eré rẹ̀ kò sì ju knots 55 lọ. Òmìnira ńlá ni. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn náà ni kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan wá yẹ iṣẹ́ yín wò kí ẹ tó gbéra nílẹ̀. Àwọn tó ń kan bàálù tó tóbi ju tiwa lọ, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ experimental, ìyẹn ẹ̀ka àwọn bàálù àdánwò, ní láti jẹ́ kí wọ́n yẹ tiwọn wò. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì yín ni ayẹ̀wò àkọ́kọ́, fún ọ̀pọ̀ èèyàn òun náà ni ìkẹyìn.

1. Kíkan tábìlì kí ẹ tó ka àwòrán iṣẹ́ tán.

Plywood ń wá ní ẹsẹ̀ bàtà 8, nítorí náà ni gbogbo èèyàn ṣe ń kan tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ dákun, ta ló ní kí ilé ìtajà pákó bá yín yan gígùn tábìlì? Ẹ̀yà tó gùn jù lọ nínú bàálù ló yẹ kó yàn án. Bàálù onígi tí apá rẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ á sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 14 ló bá a mu, kí ẹ lè ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan láti kan pákó mọ́lẹ̀ àti láti so okùn. Ẹni tó bá kan ẹsẹ̀ bàtà 8, tó wá ní òun yóò so tábìlì mìíràn mọ́ ọn nígbà tó bá kan apá, ojú ibi tó so pọ̀ yẹn ni apá rẹ̀ yóò ti tẹ̀.

2. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà gáréèjì kí ẹ tó gé pákó kankan.

3. Fífi igi tí kò tíì gbẹ ṣe ẹsẹ̀ àti egungun tábìlì.

Igi 2x4 tí wọ́n tò sílẹ̀ nílé ìtajà, tí wọ́n tẹ S-DRY sí lára, wọ́n ní ó ti gbẹ. Gbígbẹ tí wọ́n ń wí ni pé omi inú rẹ̀ kò ju 19 nínú 100 lọ. Ìyẹn tó fún ògiri ilé, níbi tí ìṣó àti pákó mìíràn yóò ti dì í mú. Kò tó fún tábìlì yín. Ẹ gbé e wọ gáréèjì, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, igi náà á máa gbẹ lọ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń lọ́. Tábìlì tó tọ́ ní oṣù kẹrin á ti lọ́ kó tó di oṣù keje, ẹnì kankan kò sì fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn ni pé kí wọ́n ra plywood tó nípọn ní ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì, kí wọ́n là á sí ọ̀já ọ̀já tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5, kí wọ́n fi wọ́n ṣe egungun: méjì tàbí mẹ́ta ní gígùn, àwọn kéékèèké sì dábùú rẹ̀. Kí wọ́n lẹ MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀. Ó ti di àpótí nìyẹn, àpótí kì í sì í tètè lọ́. MDF tẹ́jú ju plywood lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ kàn má dá nìkan gbé e, nítorí odindi kan tó nípọn bẹ́ẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi pọ́ùn 100, kí ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án.

4. Ìlọ́. Èyí gan-an ló gbé mi dìde láti kọ̀wé.

Èèyàn á gbé spirit level sí àárín tábìlì, á rí i pé ojú omi inú rẹ̀ dúró, á ní tábìlì òun ti tẹ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí tábìlì bá dọ́gba ní àárín, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì lè máa lọ síbi tó wù wọ́n. Ẹ wá gbọ́ èyí tí n kì í gbọ́ kí wọ́n máa sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: bàálù kò bìkítà bóyá tábìlì yín fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ lè kan apá tó dára lórí tábìlì tó fì, bí ojú rẹ̀ bá ṣáà tẹ́ lódindi. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì tó lọ́, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n kàn tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i. Tábìlì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Igun kan ṣoṣo fi ìdámẹ́rin ínǹṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú lásán ẹ kò ní í rí i. Ìlọ́ yẹn ju ìdajì dígírì lọ, ó súnmọ́ dígírì 0.6. Ẹ̀yin á ní, kí ni ìdajì dígírì? Ẹ kan apá òsì lórí rẹ̀, apá òsì gba ìlọ́ yẹn. Ẹ wá kan apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún kì í ṣe ẹ̀dà apá òsì. Òdìkejì rẹ̀ ni, bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jẹ́ sí ọwọ́ òsì. Ìlọ́ kan náà tó gbé iwájú apá òsì sókè ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni yóò tẹ iwájú apá ọ̀tún wálẹ̀. Ẹ lè yí apá náà po, ẹ lè da ojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì tábìlì, kò ní í yí padà. Nítorí náà dígírì 0.6 ti di 1.2 láàárín apá méjèèjì, bàálù yóò sì máa fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìgbà tó bá ti kúrò nílẹ̀.

Àbúrò kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bàálù rẹ̀ wuni í wò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ lórí pápá, ó ní ńṣe ló ń fì sí òsì, òun kò sì lè fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀pá ìdarí. Ó pààrọ̀ wáyà, ó tún wọn ìwúwo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ra ẹ̀rọ laser olówó iyebíye láti fi wo bí ìrù ṣe dúró. Owó ń lọ, bàálù ń fì. Ó wá pè mí.

Mo ní, “Níbo lo ti kan àwọn apá yìí?”

Ó ní, “Orí tábìlì mi yìí náà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fi spirit level wò ó dáadáa o.”

“Ibo lo gbé spirit level lé?”

“Àárín ni.”

Mo yọ okùn ìpẹja nínú àpò, mo fà á dábùú tábìlì láti igun dé igun, mo sì fa òmíràn láàárín igun méjì yòókù. Láàárín níbi tí okùn méjèèjì ti kọjá ara wọn, pẹ́ńsù gba àlàfo náà kọjá. Ó dákẹ́, ó ń wò ó. Plywood fẹ́lẹ́ ti yí iwájú apá méjèèjì ká, gọ́ọ̀mù sì ti gbẹ sára rẹ̀. Tí apá bá ti di àpótí báyẹn, kò ṣe é tọ́ mọ́. Ó ní láti kan apá kan tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi spruce tó dára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣà nílẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, kì í ṣe sí i, sí àwọn tó ta gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyẹn fún un tí ẹnì kankan nínú wọn kò bi í léèrè tábìlì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gé pákó kéékèèké mẹ́rin láti ara igi kan ṣoṣo kí nínípọn wọn lè bára mu. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fa okùn ìpẹja kan láti igun sí igun tó kọjú sí i, kó le dáadáa, kí ẹ sì fa èkejì bákan náà. Bí méjèèjì bá fara kan ara wọn fẹ́rẹ́ láàárín láìti ara wọn, tábìlì kò lọ́. Lẹ́yìn náà ẹ mú okùn tó wà nísàlẹ̀ gba orí èkejì kí ẹ tún wò ó, torí okùn ìsàlẹ̀ lè máa ti tòkè sókè, á sì jọ bíi pé wọ́n kàn fara kan ara wọn ni. Bí àlàfo bá wà, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni igun náà fi ga tàbí fi rẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa okùn kan ní gígùn lórí pákó méjì, kí ẹ máa ti pákó kẹta lọ lábẹ́ rẹ̀: ibi tó bá ti gbé okùn sókè, tábìlì ga níbẹ̀, ibi tí àlàfo bá ti hàn, ó rẹlẹ̀. Èmi kì í fara mọ́ ohun tó bá ju mìlímítà kan lọ.

Àwọn àwòrán kan fẹ́ kí iwájú ìpẹ̀kun apá rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ìdí apá lè kọ́kọ́ pàdánù agbára tó ń gbé bàálù dúró lófuurufú kí ìpẹ̀kun tó tẹ̀lé e, kí ọwọ́ yín sì ṣì wà lórí ìdarí. Iye tí àwòrán bá wí ni kí ẹ fi pákó tì, lórí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí tábìlì yan iye kankan fún yín.

Ẹsẹ̀ onítáyà ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Ilẹ̀ gáréèjì máa ń rọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà kí omi lè ṣàn jáde, nítorí náà gbogbo ibi tí ẹ bá tì í dé ni yóò ti lọ́ lọ́nà mìíràn. Bóòtì onírin (bolt) gígùn lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè yí sókè yí sílẹ̀, ló dára. Tí ó bá ti tẹ́jú tán, ẹ fi gọ́ọ̀mù táwọn panẹ́lì-bítà fi ń dí ara ọkọ̀ lẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kọnkéré. Ọjọ́ tí ẹ bá parí, òòlù ni yóò ṣí i.

Lílẹ àwòrán oníwèé mọ́ ojú tábìlì kí ẹ máa kan igi lé e lórí: bébà ń gùn, ó sì ń sún kì, bí ọ̀rinrin bá ṣe wà nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ fi yà á sórí tábìlì fúnra yín. Okùn ẹfun àwọn káfíńtà náà kò dára fún ìlà àárín. Ìlà rẹ̀ nípọn jù. Ẹ fa okùn ìpẹja, ẹ fi pẹ́ńsù tó mú tọ́ka sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá fi irin títọ́ so àwọn àmì náà pọ̀.

Ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù yóò kán sí.

Ẹ má kan fáìsì mọ́ ojú tábìlì. Ẹ má ra tábìlì onírin, nítorí ìṣó gbọ́dọ̀ lè wọ tábìlì yìí. Ẹ má kùn ún, ẹ má ṣe dúrọ́ọ̀ sí i, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀. Ní ti gíga, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ yín bá dé ni kí ojú tábìlì wà, ẹ̀yìn yín á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jó irin 4130, ìyẹn irin líle tí wọ́n fi ń ṣe egungun bàálù, pọ̀, ẹ má gbàgbé pé MDF ń jó. Omi àti ẹ̀rọ panápaná gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ apá kejì, ẹ tún fa okùn. Mo mọ̀ pé ẹ ti fà á nígbà àkọ́kọ́. Oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó láti yí i padà. EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kan bàálù nílé ní Amẹ́ríkà, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Oshkosh ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní àwọn àgbà oníṣẹ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti wá wo iṣẹ́ àwọn tó ń kan bàálù nílé. Ọ̀pọ̀ ń pè wọ́n nígbà tí apá bá ti parí. Ẹ pè wọ́n nígbà tí tábìlì bá parí.

Bí tábìlì yín bá sì ti lọ́ báyìí, ẹ má tíì dáná sun ún. Ẹ tú ìṣó ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fa okùn, ẹ yí bóòtì igun tó rẹlẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí okùn méjèèjì yóò fi fara kan ara wọn, kí ẹ wá dè é padà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún wò ó. Bó bá dúró, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Bó bá tún ti lọ́, igi inú rẹ̀ ṣì ń gbẹ ni, ẹ gba ẹsẹ̀ àti egungun yẹn kúrò, kí ẹ fi plywood ṣe òmíràn, MDF òkè ṣì wúlò.