Ìwé Ẹ̀rí Kì í Sọ Pé "Ó Tó": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Àwọn Agbọ́tí

Mo ti lo ọdún 18 lẹ́yìn kọ́ńtà ilé ọtí. Ọdún 9 nínú rẹ̀ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn agbọ́tí àti agbáwo bí wọ́n ṣe ń ta ọtí tí kò fi ní di ewu fún ẹni tó ń mu ún àti ẹni tó máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ọtí ń da owó sómi lórí ohun tí wọ́n ń pè ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ọmọ iṣẹ́ wọn kò sì mọ̀ ju ti àná lọ. N kò ní máa sọ fún yín pé ẹ má ta ọtí fún ọmọdé, tàbí pé ẹni tó ti yó kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

1. Ẹ̀kọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo

Ọ̀gá á sanwó, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, ìwé ẹ̀rí á jáde, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri. Ó tán. Ní California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2022 ni òfin ti ń béèrè irú ìwé ẹ̀rí yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá ń gbé ọtí fún oníbàárà, ọdún 3 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, ọdún 5 ni. Ọjọ́ tí ìwé máa kú nìyẹn. Ohun tó wà nínú orí ẹni tó ni ín ti máa ń kú ṣáájú ìwé. Mo ti padà lọ wo àwọn tí mo fúnra mi kọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà péré: wọ́n rántí orúkọ mi, wọ́n rántí oúnjẹ ọ̀sán, wọn kò rántí ẹ̀kọ́. Ìdajì àwọn tí orúkọ wọn wà lára ògiri sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kí gbogbo wọn wà lórí ìdúró, kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ẹyọ kan. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ó dára ju ọjọ́ kan gbáko lọ́dún mẹ́ta lọ.

2. Kíka "ife kan" láìwọ̀n ọ́n

Gbogbo agbọ́tí tó ti lọ sí kíláàsì ló lè ka èyí bí orin: ní Amẹ́ríkà, ife kan ni ọtí tó ní gíráàmù 14 ògidì ọtí nínú. Ìyẹn ni bíà mílílítà 355 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, tàbí wáìnì 148 tó jẹ́ ìdá 12, tàbí ọtí líle 44 tó jẹ́ ìdá 40. Ọsirélíà ní tiwọn fi í sí gíráàmù 10, Bìrìtìkó sì ń fi gíráàmù 8 kà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí wọ́n bù ú.

Mo máa ń rọ omi aláwọ̀ pupa sínú ìgò wáìnì òfìfo, màá wá gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Bu ife kan fún mi bó o ṣe ń bù ú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí èrò kún." Ọmọbìnrin kan wà tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó bù ú, ó yí ìgò díẹ̀ kí ó má bàa kán sílẹ̀, ó gbé ife náà síwájú mi. Mo dà á sínú ife onílà ìwọ̀n. Omi náà kọjá 150. Ó kọjá 200. Ó dúró sí 230. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ìlà náà. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣé ìyẹn ni pé ife mẹ́ta tí mo máa ń kà fún wọn kì í ṣe mẹ́ta?" Rárá o, ó lé ní mẹ́rin àtààbọ̀. Oníbàárà rò pé òun ṣì wà ní mẹ́ta, agbọ́tí náà rò bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ oníbàárà náà nìkan ló mọ òótọ́. Ọ̀gá náà sì ń fi wáìnì tọrẹ láìmọ̀.

Ẹ ṣe èyí lóṣooṣù. Ọwọ́ máa ń gbàgbé.

3. Ríra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí

Ẹ̀rọ yìí ló ń fi èémí díwọ̀n iye ọtí tó wà lára ẹni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọtí mì ṣì ní i lẹ́nu, ẹ̀rọ náà á pe iye tó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó da ife mẹ́ta sọ́nà ọ̀fun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, púpọ̀ nínú ọtí náà ṣì wà ní ikùn, kò tíì dé inú ẹ̀jẹ̀. Tí ti ẹnu bá ti lọ tán, ẹ̀rọ lè pe iye tó kéré, lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní ranlẹ̀ mọ́. Ẹ fi owó yẹn gba ènìyàn kan kún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ Sátidé.

Kọfí kì í lé ọtí lára. Omi tútù náà kì í lé e. Oúnjẹ máa ń mú kí ọtí rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í yọ èyí tó ti wọlé. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nǹkan bí ife kan ní wákàtí kan, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ tó fi máa yára.

4. Kíkọ́ ojú, kí a má kọ́ ẹnu

Èyí ló ń dùn mí jù. Gbogbo ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń to àmì: ojú á pọ́n, ohùn á ga, ahọ́n á wúwo, á máa sọ ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, owó á máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn agbọ́tí mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Wọ́n ti ń rí i láti ọjọ́ kìíní tí wọ́n ti wọṣẹ́. Ojú kọ́ ni ìṣòro wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí kíláàsì mi, ó gba gbogbo ìbéèrè, kò tase ẹyọ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo yà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo jókòó sí kọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wá béèrè ife karùn-ún. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ti ara mọ́ kọ́ńtà, owó ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà wò ó. Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ètè rẹ̀ là díẹ̀, ó pa dé, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi ìgò. Nígbà tí ilé ti dá, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní: "Mo mọ̀ pé ó ti yó. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ ni."

Ẹ̀bi mi nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti kọ́ ọ láti mọ̀, n kò dá a dúró rí kí n ní kó sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń sọ fún ẹni tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ pé "mi ò ní gbé e fún yín", níwájú ọ̀rẹ́ onítọ̀hún, tí orin ń dún, tí àwọn mẹ́rin míì ń na ife sí i, kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ìdúró ni wọ́n ń wà ní kíláàsì mi. Èmi ni mo máa ń ṣe ọ̀mùtí. Gbólóhùn tí mo ń fún wọn kúrú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò ní lè gbé ọtí mìíràn fún yín lálẹ́ yìí. Omi rèé. Ṣé kí n bá yín pe ọkọ̀?" Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí "ẹ ti yó" níbẹ̀, torí ìjà ni ìyẹn. Kò sí "ṣé ẹ ò rò pé ó ti tó?" níbẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá bi í, á dá yín lóhùn pé kò tó. Ohun tí èmi ò ní ṣe ló wà níbẹ̀, àti ohun tí mo lè ṣe. Ẹ lọ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà màá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Màá bẹ̀ ẹ́. Màá ní ọjọ́ ìbí mi ni. Màá ní ẹ̀gbọ́n mi ló máa wakọ̀. Màá ní, "Ṣé o mọ ẹni tí mò ń jẹ́ ni?" Màá bú u. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tún gbólóhùn kan náà sọ, pẹ̀lú ohùn kan náà, láìfi àlàyé kún un, torí àlàyé ni ọ̀mùtí máa ń dì mú bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Nígbà àkọ́kọ́ gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta ohùn á máa gbọ̀n. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ náà ti jókòó sẹ́nu.

Ẹ ò sì ní jèrè rẹ̀ tí ọ̀gá bá ń tú u ká lẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo kọ̀ láti bu ọtí fún olórí àwọn kan tó ti ń náwó láti ìrọ̀lẹ́. Ó pariwo. Máníjà jáde láti ẹ̀yìn, ó fọwọ́ gbá oníbàárà náà léjìká, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre," ó sì fúnra rẹ̀ bu ọtí náà níṣojú mi. Àwa méjìlá la wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ yẹn. Gbogbo wa la rí i. Fún oṣù bíi mẹ́ta, kò sí ẹni tó tún kọ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èmi gan-an pẹ̀lú, ìtìjú rẹ̀ ṣì wà lára mi. Torí náà n kì í gba iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ àfi tí ọ̀gá àti máníjà bá jókòó sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ níwájú òṣìṣẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ̀, kò sẹ́ni tó máa yí i padà. Ẹ tún wo ti owó tí oníbàárà máa ń fi sílẹ̀ fún agbáwo. Ẹni tó kọ̀ ti pàdánù rẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ dí i fún un.

Ní Stockholm, olú ìlú Sweden, ní ọdún 1996, wọ́n rán àwọn òṣèré lọ sí ilé ọtí kí wọ́n ṣe bí ẹni tó ti yó gan-an. Ìdá 5 nínú 100 péré ni wọ́n kọ̀ fún. Wọ́n wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀: wọ́n fa àwọn onílé ọtí, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ mọ́ra, àyẹ̀wò sì ń lọ déédéé. Nígbà tí wọ́n tún dán an wò ní 1999, ó di ìdá 47. Ní 2001, ó di ìdá 70. Mo máa ń sọ iye yìí fún gbogbo ọ̀gá tó bá fẹ́ kí n wá lo ọjọ́ kan kí n sì máa lọ.

Ọwọ́ mẹ́ta, ìṣirò mẹ́ta

Kọ́ńtà bu ọtí fún oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì, agbáwo gbé méjì lọ sí tábìlì rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra méjì fún gbogbo wọn. Olúkúlùkù rò pé méjì ni. Mẹ́fà ni. Ìwé pélébé kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ife kọ̀ọ̀kan, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ fún ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé tábìlì báyìí ti dé ibi báyìí.

Pípe aláìsàn ní ọ̀mùtí

Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n mú ọkùnrin kan síta rí. Ó ń làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, ó ń bínú láìnídìí. Ẹnìkejì mi ló rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ó ṣì lè gbé nǹkan mì, a fún un ní ohun mímu aládùn, kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi ń béèrè ibi tó wà. Ife bíà kan, kò tíì mu ún tán, ló wà níwájú rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ àti orí tó gbá nǹkan náà lè jọ ọtí. Kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín pé mélòó la bù fún un.

"Ẹ jẹ́ kó sùn, ọtí á dá lójú rẹ̀"

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọtí tó wà ní ikùn ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń sùn. Tẹ́ ẹ bá jí i tí kò jí, tàbí tí èémí rẹ̀ kò pé mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àlàfo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà láàárín èémí kan sí èkejì, tàbí tí ara rẹ̀ tutù tàbí tí ètè rẹ̀ ń di aláwọ̀ búlúù, ẹ pe ọkọ̀ ìlera, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa fún un pa, kí ẹnì kan má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ara wọn dánra wò lórí ilẹ̀. Yíyí ẹni tó wúwo kò rọrùn bó ṣe wà nínú àwòrán.

Ìwé àwọn tí a kọ̀ fún, tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ àyẹ̀wò

Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ní ìwé tí wọ́n ń kọ ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sí, wọ́n á fi í pamọ́ dé àwọn aláyẹ̀wò, wọ́n á wá jókòó kọ oṣù mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan, bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà. Ìwé yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ka ohun kan jáde níbẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ sọ bó ṣe lọ, kí ẹ tún un ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ níṣáájú kọ tirẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn: "Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin, ìgbọ̀nwọ́ lórí kọ́ńtà, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bú mi. Ó gba omi, mo bá a pe ọkọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n." A fi ṣe ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo ṣe ọkùnrin náà, mo sì bú u ju bí ti ọjọ́ yẹn lọ.