Tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ohun tójú yín rí ò ṣẹlẹ̀

Nǹkan tí wọ́n ń pè ní gaslighting yìí, ó ti ṣe mí rí, mo sì ń rí i lára àwọn tá a jọ ń tajà níbí ní Iléṣà, ọkọ ń ṣe é fún ìyàwó, ìyàwó ń ṣe é fún ọkọ, ọ̀gá ń ṣe é fún ọmọṣẹ́, ìyá gan-an ń ṣe é fún ọmọ. Inú eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ṣe ní London ní 1938 lorúkọ ẹ̀ ti wá: iná gáàsì inú ilé á máa ṣe bàìbàì, ìyàwó ń rí i, ọkọ sì ń dọ́gbọ́n kí ìyàwó lè gbà pé orí òun ló ń dàrú.

Ẹni tá a jọ ń múra ìgbéyàwó ló yá owó àjọ mi, 85,000 náírà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, mo kà á lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì bọ́ fìlà orí ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo bèèrè, ó ní "Owó wo? O tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ ká lọ gbàdúrà fún ẹ o." Kò pariwo rárá, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó tún dì mọ́ mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wọlé sí mi lára. Kí n tó mọ̀ ó ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé mò ń gbàgbé nǹkan, ó wá débi pé kí n tó jáde nílé màá kọ́kọ́ ya fọ́tò sítóòfù àti àgádágodo, torí mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́ pé mo ti pa iná.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó gbàgbé, tẹ́ ẹ bá rán an létí á ní "áà, òótọ́ ni". Ẹni tó ń ṣe èyí, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rí síwájú ẹ̀, á bínú sí ẹ̀rí náà, á ní kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣọ́ òun, nígbà tó bá máa fi parí, ẹ̀yin lẹ máa wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́ ẹ ń bẹ̀bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo ìjà ló ń parí báyẹn, tẹ́ ẹ sì ti ń ro ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó là á lẹ́nu, ẹ má fojú fò ó.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má di ọ̀la. Ọjọ́, aago, ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù tí onítọ̀hún mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, ìwé kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín dáa jù. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì, tàbí kẹ́ ẹ tẹ WhatsApp sí i lẹ́yìn náà: "Owó tí mo fún yín lálẹ́ yìí, 85,000, ìparí oṣù lẹ ní ẹ máa dá a padà." Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Èkejì, ẹ má bá a jà lórí ẹni tórí ẹ̀ pé. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè pé àwọn ò ní dìde àfi táwọn bá gbowó àwọn. Ẹ lóṣòó ti ohun tójú yín rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ láìpariwo. Ẹ kàn sọ pé "bí mo ṣe rí i yàtọ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe rí i, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀", kẹ́ ẹ jáde ní yàrá. Ẹ má ṣàlàyé jù, torí àlàyé yẹn ló máa gbá mú.

Ẹ wá ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ka ìwé yẹn fún un. Àwọn àgbà kan á ní kẹ́ ẹ fara dà á, pé kò ṣáà nà yín. Mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tó lòdì sí ìwà ipá gan-an ka fífi ọ̀rọ̀ àti ìṣe da ọkàn èèyàn láàmú mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Tí oorun ò bá wá mọ́, tí àyà ń já, ẹ lọ rí dókítà, ilé ìwòsàn Wesley Guild wà nílùú wa níbí, ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC sì wà ní Ifẹ̀, lílọ rí dókítà ọpọlọ ò sọ yín di wèrè. Tó bá sì ti ń halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tó ń gba fóònù àti owó lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ kó sátífíkéètì àti káàdì báǹkì yín kúrò nílé.

Tèmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sọ fún. Ó ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò dá sí i títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá ní "Ọjọ́bọ̀ yẹn, ṣebí o pè mí pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó àjọ fún un?" Mo ti gbàgbé pé mo pè é.