Ọ̀sẹ̀ kan nídìí aró l'Abẹ́òkúta: àṣìṣe tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Àwọn tó ń wá láti Èkó ló pọ̀ jù. Wọ́n á gbàyè ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, wọ́n á ní dípò káwọn lọ jókòó létí òkun, ó yá káwọn lọ kọ́ àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n tó bá dọjọ́ keje, wàá rí ẹni tó kó aṣọ tí kò ṣeé rán dání, tọ́wọ́ rẹ̀ dúdú, tójú rẹ̀ sì fà ro. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tó burú jù ni ká fẹ́ kọ́ gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. Àdìrẹ kì í ṣe oríṣi kan. Oníko wà, ìyẹn tí wọ́n ń fi ìko tàbí òwú so. Alábẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n ń rán. Ẹlẹ́kọ wà, tí wọ́n ń fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, tí wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ. Alábẹ́là náà wà, tí wọ́n ń fi fóòmù tí wọ́n ti gé tẹ àbẹ́là yíyọ́ sórí aṣọ. Ẹ wo ẹlẹ́kọ nìkan. Nínú iṣẹ́ ìgbàanì tí wọ́n ń pè ní Olókun, àpótí-àpótí ni wọ́n pín aṣọ sí, iṣẹ́ inú àpótí kan ò sì jọ ti èkejì. (Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà létí òkun, Olókun tiẹ̀ nìyẹn.) Ẹni tí ìyẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́ gan-an ò ní í fi ìkánjú ya á, ẹ̀kọ sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ aró. Ẹ mú ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ èmi, oníko ni màá mú, torí bẹ́ ẹ bá ti tú u báyìí, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ ti ṣìnà, ẹ ó sì tún òmíràn so.

Aṣọ ló kan. Mo ra yáàdì márùn-ún aṣọ funfun, ẹni tó tà á búra fún mi pé òwú pọ́nbélé ni. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi so ó. Nígbà tá a yọ ọ́ nínú aró, ó rí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Màmá tó ń kọ́ wa ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ náà, wọ́n ṣáná sí i: ó yọ́, ó ká jọ, ó di kóró dúdú bíńtín. "Ọ̀rá lo rà yìí, ọmọ mi." Òwú gidi, ṣe ló máa jó bí ìwé, á di eérú. Kẹ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Òwú gidi pàápàá, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró ò ní í wọ ibòmíì.

Ẹlòmíràn á dé lọ́jọ́ Ajé, á ní ẹ̀lú ìbílẹ̀ nìkan lòun fẹ́. Agbe ló laró, kì í ṣe ìwọ. Ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún, tí wọ́n fi omi eérú rẹ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń lò nínú ìkòkò kó tó ṣeé lò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n lè dá a sílẹ̀ dè yín. Aró òyìnbó tí wọ́n ń fi sódà kọ́sítíìkì àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní hydrosulphite pò ni ẹ máa bá níbi tó pọ̀. Ìyẹn náà léwu. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù, kẹ́ ẹ wá máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá da omi lé sódà lórí, ó lè hó kó ta sí yín lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìkòkò tí aró bá ti wọ̀ ò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ ewé dẹ́rù bà yín. Ọmọkùnrin kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ yọ aṣọ rẹ̀, ó rí i tó rí bí omi ewúro, ló bá pariwo pé ó ti bàjẹ́, ó tún ti gbogbo ẹ̀ bọ aró padà. Kò bàjẹ́. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ gbé e kọ́, kẹ́ ẹ máa wò ó: etí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, ibi tó ṣẹ́po á tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn lẹ tó lè rì í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kó dú, á rì í nígbà mélòó kan, á sì máa jẹ́ kó gba atẹ́gùn láàárín.

Nídìí aró, "Àrẹdú o" ni wọ́n ń kí aláró. Ẹni tó wọlé tó kàn gbé fóònù sókè tó ń ya fọ́tò, wọ́n á dá a lóhùn, àmọ́ wọn ò ní í fi àṣírí iṣẹ́ hàn án.

Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra aṣọ lọ sílé, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, pé tí iṣẹ́ ò bá yọ sí ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Irọ́ wà níbẹ̀. Ojú kan ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ lè dú lódindi. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ fura sí.

Ọjọ́ kẹfà ni kẹ́ ẹ parí rírẹ, pàápàá nígbà òjò tí oòrùn ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọjọ́ keje ni mo rẹ tèmi kẹ́yìn. Mo fi ọ̀rá wé e ní tútù, mo jù ú sínú báàgì. Kí ọkọ̀ wa tó dé Ṣàngó Ọ̀tà lójú ọ̀nà Èkó, ó ti ba ẹ̀wù funfun méjì jẹ́, ọ̀kan nínú báàgì, èkejì lára ẹni tó jókòó tì mí.