Bí Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Tó Jọ Ń Kọ́lé Ṣe Lè Máa Fi Ìmọ̀ Han Ara Wọn

Ilé ńlá kì í ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo jáde. Agbaṣẹ́ṣe àgbà, àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń po kọnkéré, àwọn tó ń gé irin àti àwọn tó ń ṣe fèrèsé ni wọ́n jọ ń ṣe é, ẹni tó kéré jù láàárín wọn ló sì sábà máa ń mọ ohun èlò tirẹ̀ dájú jù. Bí iṣẹ́ bá parí, kálukú a bá tirẹ̀ lọ, ìmọ̀ tí wọn kò kọ sílẹ̀ a sì bá wọn lọ.

Inú àdéhùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò tètè jẹ́wọ́ pé irin òun yóò pẹ́ dé, bí ó bá mọ̀ pé owó ìtanràn ni èrè òtítọ́ rẹ̀. Nínú àdéhùn NEC (New Engineering Contract), ìyẹn àwòṣe àdéhùn fún iṣẹ́ ìkọ́lé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1993, ó jẹ́ ojúṣe agbaṣẹ́ṣe àti alábòójútó iṣẹ́ pé kí ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ohun tó lè fa ìdádúró tàbí kí ó mú owó pọ̀ sí i kìlọ̀ fún ìkejì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì jọ wá ojútùú sí i. Ẹ fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà pẹ̀lú, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn ti sábà máa ń há.

Ẹ pe àwọn tó ń pèsè ohun èlò kí àwòrán ilé tó di èyí tí a kò lè yí padà mọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ṣe pàtó: kí ni yóò ṣòro láti ṣe nínú àwòrán yìí, ìwọ̀n wo ni ẹ sì ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹ sanwó àkókò tí wọ́n lò. Ẹni tí wọ́n gba èrò rẹ̀, tí wọ́n wá gbé e fún ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ kéré, kò ní lanu mọ́ láé, n kò sì rò pé ó jẹ̀bi.

Ní ti ìwé àti àwòrán, ibì kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn wà. Ìlànà ISO 19650, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìsọfúnni iṣẹ́ ìkọ́lé, tí apá méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ya èyí tí a ṣì ń ṣe lọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti fi han àwọn yòókù àti èyí tí a ti fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe dúró de òpin iṣẹ́ kí ẹ tó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí wọ́n bá da kọnkéré ni wọ́n sábà máa ń fọ́ èyí tí wọ́n bù pamọ́ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, láti mọ bó ṣe lágbára tó, nígbà tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ́ àjà míràn lé e. Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò, títí kan ti ọjọ́ 7, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó po kọnkéré náà àti àwọn tó dà á, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnjiníà nìkan.

Iye owó tí kálukú fẹ́ fi du iṣẹ́ míràn kò sí lára ohun tí a ń pín, nítorí pé òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó ń du ọjà kan náà sí ìdìmọ̀lù. Bí ẹnikẹ́ni bá dá a sílẹ̀ ní ìpàdé, kí alága dá a dúró, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dá a dúró.