Ẹ Má Tíì Tẹ Káàdì Ìpè: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ná Àwọn Ẹni Tuntun Lówó Nínú Ìjọ

Àsìkò ti tún dé. Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ báyìí, ìwé ètò ìjọ wa ní Àkúrẹ́ á kún dẹ́múdẹ́mú: ìkórè, ìgbọ́wọ́lé, ìrìbọmi, ìsìn orin Kérésì, ìdúpẹ́ ìparí ọdún, àti ìgbéyàwó ní Sátidé lórí Sátidé. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ètò náà, mo sì wà lára àwọn tó ń kọ́ kíláàsì ìgbọ́wọ́lé àti ti ìgbéyàwó. Ohun tó ń dùn mí ni owó tí àwọn ọmọ wa ń ná sórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ wọn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìjọ béèrè gan-an kò ju kí wọ́n tètè wá, kí wọ́n sì máa wá lóòrèkóòrè. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń dìde tí wọ́n ń kúnlẹ̀ nínú ìsìn Áńgílíkà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó yín ni mo bá wá.

1. Ríra aṣọ funfun kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìgbọ́wọ́lé

Tí a bá ti kéde pé Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn tó ti ṣe ìrìbọmi lórí, ọ̀nà ọjà Erékẹ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà. Léèsì funfun, ìborí, bàtà funfun, ìbọ̀wọ́, ayàwòrán. Kíláàsì á wá di ohun ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ Ìwé Àdúrà ò dárúkọ léèsì. Ohun tó ní kí a mọ̀ ni Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì, Àdúrà Olúwa, Òfin Mẹ́wàá, àti ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè inú Katikísímù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka wá bá wa nígbà tí kíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ti rán kóòtù, ó ti ra bàtà, ó sì ti ní kí àwọn òbí rẹ̀ máa bọ̀ láti Oǹdó. Mo bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú Katikísímù: kí ni orúkọ rẹ? Ó dáhùn. Mo bi í ní èkejì: ta ni ó fún ọ ní orúkọ yìí? Ó ní bàbá òun ni. Àwọn òbí ìrìbọmi ni ìwé ń retí níbẹ̀, ni mo bá bi í pé níbo ni wọ́n ti rì í bọmi. Ó dákẹ́. A pe àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù níṣojú rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì sọ pé wọn ò rì í bọmi rí, pé wọ́n ń sún un síwájú títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìgbàgbé. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè gbọ́wọ́ lé ẹni tí a kò rì bọmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni a tó fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀ nígbà náà, kóòtù ò sì wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ má rò pé ẹ ó bẹ̀bẹ̀ kí Bíṣọ́ọ̀bù tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ìjọ wa rántí ìgbà tó jẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù Oǹdó ló ń wá gbọ́wọ́ lé àwọn ará Àkúrẹ́ lórí. Dáyósíìsì Oǹdó, ìyẹn agbègbè tí Bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń bójú tó, ti wà láti 1952, ọdún 1983 ni wọ́n sì tó yọ ti Àkúrẹ́ kúrò lára rẹ̀. Nígbà náà, tí ìbẹ̀wò Bíṣọ́ọ̀bù bá fò yín dá, ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí òmíràn. Lónìí Bíṣọ́ọ̀bù ń gbé nítòsí wa, ṣùgbọ́n ìjọ tó ní láti bẹ̀ wò pọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì máa ń kan ìjọ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Aṣọ funfun tó mọ́, tó bo ara, ti tó.

2. Fífi àpò yan òbí ìrìbọmi

Bàbá méjì àti ìyá kan fún ọmọkùnrin, ìyá méjì àti bàbá kan fún ọmọbìnrin. Ohun tí ìwé là sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí yóò máa béèrè bóyá ọmọ ń lọ sí Sọ́ńdè Sùkúù ni kí ẹ wá, kì í ṣe ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí ẹ ń retí kí ó gbé àpòòwé wá, tí kò sì ní mọ orúkọ ọmọ mọ́ tó bá fi máa di Ọjọ́ Àjíǹde.

3. Ríra Ìwé Orin láì bi ẹnikẹ́ni

Ti Mẹ́tọ́díìsì yàtọ̀ sí ti Áńgílíkà, nọ́ńbà orin wọn kò bára mu. Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín.

4. Títẹ káàdì ìgbéyàwó kí ẹ tó rí Fíkà, àlùfáà ìjọ

Èyí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́ nínú ìkéde, ọdọọdún ni káàdì tí a ti tẹ̀ tán ń dé orí tábìlì mi.

Lọ́dún kan, ìyá ìyàwó kan wá sí ọ́fíìsì ìjọ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Oníṣòwò tó ń ṣiṣẹ́ kára ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó gbé káàdì kan lé mi lọ́wọ́: bébà tó nípọn, lẹ́tà aláwọ̀ góòlù, orúkọ ìdílé méjèèjì, orúkọ ìjọ wa, ọjọ́, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé." Mo ṣí ìwé ètò. Àárín Lẹ́ńtì, àsìkò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ni Sátidé náà bọ́ sí. Ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ nínú Lẹ́ńtì. Mo fi hàn án. Ó wo káàdì, ó wo ìwé ètò, ó tún wo káàdì. Ó ní, "Ẹ bá wa bẹ Fíkà."

A bẹ Fíkà. Fíkà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò yí padà. Ibẹ̀ ni ìyókù ti jáde. Wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, àwọn onígbọ̀ngàn ò sì ní dá a padà. Wọ́n ti pín aṣọ ẹbí. Abúja ni ọkọ ìyàwó ń gbé, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí kò ti jókòó nínú ìjọ kankan níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìjọ tí yóò bá wa ka ìkéde ìgbéyàwó tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì wọ kíláàsì ìgbéyàwó. Ìyá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú mi. Kì í ṣe aláìgbọ́n. Àwọn tó yí i ká ló sọ fún un pé tí gbọ̀ngàn bá ti wà nílẹ̀, ìjọ ò ní sọ pé rárá.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn Àjíǹde, ó sì lárinrin, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n wọ́n sanwó gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tẹ káàdì lẹ́ẹ̀mejì, alásè náà sì fi owó kún owó nítorí ọjà ti gbówó lórí. Àpótí káàdì àkọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ló kọ àkọ́sórí sẹ́yìn wọn. Mo ṣì ń rí ọ̀kan nínú Bíbélì mi nígbà míì: níwájú, lẹ́tà góòlù, lẹ́yìn, ẹsẹ kan nínú Sáàmù pẹ̀lú kálámù ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ kó lọ. Ẹ kọ́kọ́ rí Fíkà, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi àti ti ìgbọ́wọ́lé dání. Tó bá sọnù, ẹ tètè sọ, nítorí ìjọ tó rì yín bọmi ní láti wá orúkọ yín nínú ìwé wọn àtijọ́, ó sì lè gba àkókò. Ẹ wọ kíláàsì ìgbéyàwó. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ (jẹ́nótáìpù) kí ọkàn yín tó wọnú ọ̀rọ̀ náà jù; mo ti rí AS méjì tó ti ra aṣọ ìgbéyàwó tán kí wọ́n tó mọ̀, ìbànújẹ́ ọjọ́ náà ò ṣeé fẹnu sọ. Ìkéde ìgbéyàwó máa ń jáde ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, nínú ìjọ ọkọ àti nínú ìjọ ìyàwó. Lẹ́yìn tí Fíkà bá ti fọwọ́ sí ọjọ́ ni kí ẹ wá lọ bá onígbọ̀ngàn àti atẹ̀wé.

Ọ̀rọ̀ ìjọba tún wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó orílẹ̀-èdè yìí, àlùfáà ò gbọ́dọ̀ so yín pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ mú ìwé ẹ̀rí láti ọ́fíìsì rẹ́jísírà wá, tàbí ìwé àṣẹ pàtàkì. Ẹ ó kọ ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọn ó lẹ̀ ẹ́ síta, ó sì di lẹ́yìn ọjọ́ 21 kí wọ́n tó lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ìgbéyàwó sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé ìfilọ̀ náà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé náà ti kú, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún sanwó. Àwọn kan á tètè kọ ọ́ jù nítorí wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn múra. Àwọn mìíràn á pẹ́ jù, wọ́n á wá máa fowó fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba, àwọn tó ń sọ pé àwọn lè bá wọn "sáré ṣe é." Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀. Inú ọ́fíìsì ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Òfin náà tún ní kí ó jẹ́ láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú ilé ìsìn tí ìjọba fún láṣẹ, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àlùfáà. Ẹ ò nílò láti ra aṣọ mìíràn fún ìgbéyàwó kóòtù, kí ẹ se àsè fún ìyẹn, kí ẹ tún wá se ti ìjọ. Tí ẹ bá tẹ̀lé ètò yìí, èyí tí ẹ ṣe nínú ìjọ náà ni ìgbéyàwó lábẹ́ òfin.

Mo ti pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ìkórè.

Ìkórè ni a fi ń dúpẹ́ ohun tí ilẹ̀ mú jáde, ìpínlẹ̀ wa sì ni ìpínlẹ̀ kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tuntun á fi owó tó yẹ kí wọ́n fi tún òrùlé ṣe ra kọ́ọ̀bù àti agboòrùn tí a kọ ọdún sí lára. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tún mú aṣọ. Ẹni tuntun tí kò tíì mọ bó ṣe ń lọ á ra aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́ta lọ́dún kan nítorí ìtìjú. Ẹgbẹ́ kan tó fún ẹnì kan. Tí ẹ kò bá sì lágbára aṣọ, ẹ wọ èyí tí ẹ ní. N kò tíì rí wọ́dìn tó dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àti gbàǹjo. Ẹ̀yin ará, ẹ má pariwo iye tí ẹ ò ní. Orí á wú, alága á pe orúkọ yín pẹ̀lú oríkì, iṣu kan ṣoṣo á sì gba owó tó lè ra àpò gààrì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ò ní rí yín mọ́. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ àwọn kan ṣì wà nínú ìwé gbèsè ìkórè láti ọdún dé ọdún, wọn ò sì lè wá sí ìsìn mọ́ nítorí ẹ̀jẹ́ tí kò sẹ́ni tó fipá mú wọn jẹ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé ìtìjú owó ń lé èèyàn kúrò nílé Ọlọ́run. Tí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́rùn yín, ẹ wá bá Fíkà ní kọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí agbára yín ká. Wọn ò ní kéde yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń múra ìsìn orin Kérésì, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó dùn. Ètò ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án yìí, ìyẹn kíka Ìwé Mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín àwọn orin, ti wà láti 1880, ní Truro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí Cambridge tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1918, kíkà Ìwé Mímọ́ sì ni òpó tó gbé e ró. Ẹ máa ń yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá, ẹ máa ń sanwó fún ẹni tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù láti ìlú mìíràn, ẹni tó fẹ́ ka Àìsáyà wá ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá nítorí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ fún un ní ẹsẹ. Ẹ fún àwọn òǹkàwé ní ẹsẹ wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n wá kà á sókè nínú ìjọ nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ má dúró di ìdúpẹ́ ìparí ọdún kí ẹ tó ṣe ìdúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ náà kò ní aṣọ, kò ní kánópì, kò ní àpòòwé, bóyá ìdí nìyẹn tí àga fi ń ṣófo. Ibẹ̀ ni àwọn tó ti dàgbà nínú ìjọ ti máa ń mọ ẹni tuntun lórúkọ.

Fún àwọn tó ti ń gbèrò ìgbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde 2027: Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, Àjíǹde sì bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Sátidé tí a kọ́kọ́ lè lò lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ẹ wá rí Fíkà kí Kérésì tó dé. Ẹ má kọ ìwé ìfilọ̀ ìjọba ní oṣù kejìlá, yóò ti kú kí ọjọ́ yín tó pé. Ìparí oṣù kìn-ín-ní sí ìparí oṣù kejì ni kí ẹ lọ kọ ọ́. Mo ti fa ìlà sí gbogbo Sátidé Lẹ́ńtì nínú ìwé ètò pẹ̀lú kálámù pupa, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó lè wá wò ó kó tó lọ bá atẹ̀wé.